OWÓ TIWA NI, KÌ Í ṢE ỌRẸ



Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò kàn wá. Owó náà ni ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó lè jẹun, kí ó lè rí ibi sùn, kí ó lè ra ìwé. Bourse ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Ẹ ti gbọ́ orúkọ náà rí. Ṣùgbọ́n ta ló ni owó náà?

Àwọn kan á dáhùn pé: «Ìjọba ló ni ín.» Àwọn mìíràn á ní: «Ti ọmọ ọlọ́lá ni.» Èmi ní ìdáhùn mìíràn. Mo ní owó tiwa ni. Bí ó bá sì jẹ́ owó tiwa, ó yẹ kí ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ní èdè wa, kí ọjọ́ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyẹn.

OHUN TÍ MO FOJÚ RÍ

Ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, ọmọbìnrin kan yege nínú ìdánwò BAC. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé náà. Bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti òwú. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí. Inú gbogbo agbo ilé dùn. Wọ́n pa adìẹ.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìkéde lórí owó ẹ̀kọ́ ti jáde ní ìlú ńlá, ní èdè Faransé. Kò sí ẹni tó kà á ní abúlé. Nígbà tí ọmọ ìbátan wọn kan dé láti Kútọnu tó sì sọ fún wọn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ọjọ́ kan lọ sórí wíwá owó ọkọ̀. Ọjọ́ méjì lọ sórí ìwé ìbí, nítorí orúkọ inú ìwé ìbí kò bá ti inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mu. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wá bá bàbá. Ó ní òun mọ ẹni tó lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó gba 40 000 fàráǹkì. Bàbá ta ewúrẹ́ méjì kí ó tó rí owó náà kó jọ. Títí di òní, a kò tún fojú kan ọkùnrin náà.

Ọmọ náà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ọdún yí po, ó ti wà ní ilé ọkọ. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé: ta ló ba ọ̀la ọmọ yìí jẹ́? Ọmọ náà mọ̀wé. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ ṣe tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ìròyìn ni kò dé.

NÍBO NI OWÓ NÁÀ TI Ń WÁ?

Ẹ mú bíírò àti ìwé. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò.

Owó orí kan wà lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ ni TVA. Ní ilẹ̀ Benin, TVA jẹ́ 18 lórí 100. Bí iye ọjà kan bá jẹ́ 10 000 fàráǹkì, TVA tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 1 800. Ẹni tó rà á yóò san 11 800. Àpò ìjọba ni 1 800 yẹn ń lọ. Ọlọ́lá ń san án. Ìyá elépo ń san án. Kò sí ẹni tó ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ gbọ́ Faransé kí wọ́n tó gba TVA lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo èbúté Kútọnu. Ẹrù tó bá gba ibẹ̀ wọlé ń san owó aṣọ́bodè. Oníṣòwò ló kọ́kọ́ san án, ṣùgbọ́n ó á fi kún iye ọjà rẹ̀. Ta ló wá san án padà fún un? Èmi àti ẹ̀yin ni, àwa tí a ra aṣọ, tí a ra ìrẹsì, tí a ra tòmátì inú agolo.

Ẹ wá wo òwú. Òwú wà lára ọjà tó ṣe pàtàkì jù lọ tí ilẹ̀ Benin ń tà sí òkè òkun. Ṣé ní ọ́fíìsì ni òwú ti ń hù? Ọwọ́ tó ń di ọkọ́ mú ló ń gbìn ín, òun ló ń já a.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọrẹ àánú ni bourse, ẹ rántí ìṣirò yìí. Ẹni tó bá dáko kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé ó jẹ nínú iṣu rẹ̀.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Láyé ìjọba àwọn Faransé, wọ́n máa ń fi ìdánwò ṣa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ láti ilẹ̀ Dahomey lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Ìjọba ló ń bọ́ wọn níbẹ̀. Hubert Maga, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Dahomey ní 1960, jáde láti ibẹ̀. Ní àkókò kan náà, àwọn bàbá wa ní abúlé ń san owó orí. Owó wọn wà nínú oúnjẹ tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn jẹ. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ní 1970, orílẹ̀-èdè wa dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni a mọ̀ lónìí sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Abomey-Calavi. Àwọn ọmọ kò ní láti la òkun kọjá mọ́ kí wọ́n tó kàwé.

Nígbà tó di 1989, àpò ìjọba gbẹ. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò wọlé déédéé. Bourse akẹ́kọ̀ọ́ kò wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní kàwé mọ́ títí owó yóò fi wọlé. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọnu, ètò ìjọba sì yí padà.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Ẹni tó mọ̀ pé ohun kan tọ́ sí òun kì í dákẹ́ bí wọn kò bá fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Àwa ará abúlé kò mọ̀, a sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

«ARÁ OKO KÒ NÍ LÓYE»

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga le jù, pé èdè wa kò lè gbé e, pé Faransé ló yẹ ẹ́.

Irọ́ ni. Nígbà tí owó orí bá tó san, ṣé Faransé ni akéde fi ń lu agogo yí abúlé ká? Nígbà tí a bá fẹ́ fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣé rédíò kì í sọ ọ́ ní Yorùbá? Nígbà tí ìbò bá dé, ṣé àwọn tó ń wá ìbò wa kì í pa òwe fún wa títí ilẹ̀ á fi ṣú? Èdè wa gbé owó orí, ó gbé abẹ́rẹ́, ó gbé ìbò. Kí ló dé tí kò fi lè gbé ọjọ́ tí a óò fi orúkọ sílẹ̀ àti ìwé tí a óò mú lọ?

Ẹ tún wo èyí. Láti 2013 ni ìjọba ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Ní 2016 a sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ wa ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbé nítòsí lè máa rí ọkọ̀ tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, kí ó má mọ ọ̀nà tí òun náà lè gbà wọ ibẹ̀. Ojú odò ni a wà, òùngbẹ sì ń gbẹ wá.

Ní ilẹ̀ Benin lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ tó yege nínú BAC ti ń yan ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe, ní ojúlé ìjọba tí a ń pè ní apresmonbac. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí àwòrán kò bá sí nínú fóònù, tí iná kò sì sí ní abúlé, íntánẹ́ẹ̀tì náà jìnnà bí Kútọnu. Kọ́múùnù 77 ló wà ní ilẹ̀ Benin. Kò ṣòro kí ilé mérì kọ̀ọ̀kan lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri ní èdè àwọn ará ibẹ̀, kí akéde sì kà á ní ọjọ́ ọjà.

ÀWA NÁÀ NÍ Ẹ̀BI

Bí mo bá dá gbogbo ẹ̀bi lé ìlú ńlá lórí, mo purọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa.

Àwọn kan nínú wa bí ọmọ, wọn kò gba ìwé ìbí. Wọ́n ń dúró títí ìdánwò á fi dé. Àwọn mìíràn fi ẹnu lásán sọ orúkọ fún akọ̀wé, akọ̀wé kọ èyí tó gbọ́, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ gbé ìwé ìbí ọmọ yín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ọjọ́ ìbí. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ìdánimọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ANIP, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2017.

Ẹ̀bi kejì ni ti àwọn ọmọbìnrin. A ń sọ pé: «Kí ni obìnrin fẹ́ fi BAC ṣe?» Ṣé kì í ṣe obìnrin ni agbẹ̀bí tó ń gba ọmọ yín? Ṣé obìnrin kì í san TVA ni?

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ALÁGBÀṢE

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó bá yín gba bourse, olè ni, bó ti wù kí ó múra tó.

Ilẹ̀ òkèèrè náà ń fúnni ní owó ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ Jámánì ní ilé-iṣẹ́ DAAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ètò Fulbright, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Méjèèjì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀wé béèrè. Bí àwọn tó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò bá gba owó, kí ni ọkùnrin orí alùpùpù yẹn ń gba 40 000 fún?

KÌ Í ṢE Ọ̀DỌ́ NÌKAN

Owó ẹ̀kọ́ wà fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ abúlé yín àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yín lè padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ètò kan wà ní DAAD tó jẹ́ pé ẹni tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán, ni wọ́n ń mú. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé wọ́n ti dàgbà jù. Ẹ̀yin náà ti tó ogójì ọdún, àádọ́ta ọdún, kí ẹ tó di bíírò mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó jẹ owó náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan tí a ń pè ní Chevening. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí ìlú rẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán. Bí àlejò bá lè béèrè pé kí ọmọ wa padà wálé, kí ló dé tí àwa kò lè béèrè? Ẹni tó fi owó òwú di dókítà, ẹni tó fi owó epo di onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó jẹ wá ní gbèsè. Kó wá san án fún wa: kó wá kọ́ wa, kó wá wò wá sàn, kó sì kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ọ̀nà tí òun gbà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní abúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Iṣẹ́ wọn ni láti lọ béèrè ìròyìn owó ẹ̀kọ́ ní ilé mérì, kí èsì BAC tó jáde.

2. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì, kí wọ́n kà á fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé.

3. Kí a jọ kọ lẹ́tà kan sí mérì, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí a sọ pé: a fẹ́ ìkéde náà ní èdè wa.

4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó fún alágbàṣe.

Ìgbà kan wà tí a ń tẹ ìka bọ tàdáwà. Ìka kì í béèrè nǹkan. Lónìí a ń kọ orúkọ. Ẹni tó kọ orúkọ sábẹ́ lẹ́tà ń retí èsì.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

Bí iye ọjà kan bá jẹ́ 5 000 fàráǹkì, èló ni TVA orí rẹ̀?

Ọmọ mélòó ló yege nínú BAC ní abúlé wa láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Mélòó nínú wọn ló rí bourse gbà? Àwọn tí kò rí i gbà, kí ló fà á?