Ìbọn Inú Báàgì Kò Lè Ṣọ́ Ọjà Wa

   

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ tó yẹ ká gbé wá sí gbangba. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ó ti sú àwọn, pé àwọn máa wá ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tí àwọn á máa fi sínú báàgì tàbí sínú tòbí nítorí àwọn adigunjalè. Wọ́n tiẹ̀ ń bèèrè èyí tó dára jù: èwo ni kò ní hàn lábẹ́ ìró, èwo ni kò ní jáni kulẹ̀? A kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó gbé owó ọjà jáde ní Òkè-Arin tàbí Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́, tó ń wẹ̀yìn wò bó ṣe ń lọ, kì í ṣe ojo. Ẹni tí wọ́n ti na ẹnu ìbọn sí rí ló mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ká sọ fúnra wa: nínú ọjà tiwa yìí, ìbọn ìléwọ́ inú báàgì á kó ba ẹni tó gbé e kó tó ba olè.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1959, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà lọ́tọ̀. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó náà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ní ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, àfi kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀nà kẹta ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ka bọ́ǹbù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ka ìbọn ológun sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí, ńlá àti kékeré, títí dórí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀tù kì láyé àtijọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin sọ pé ó lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀gá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá tó lè bá yín ṣe láísẹ́ǹsì ìbọn ìléwọ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ di owó yín mú.

Ìyà rẹ̀ ńkọ́? Òfin 1959 yẹn sọ pé ẹ̀wọ̀n ẹni tí wọ́n bá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Òfin mìíràn tún wà lórí ìdigunjalè àti ìbọn, tí wọ́n ṣe ní 1984. Òun sọ pé ẹni tó ní ìbọn láìgbàṣẹ á san owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá gbójú lé owó ìtanràn o, adájọ́ ló ń yàn, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ rántí ọdún 1971, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi ní Bar Beach l'Ékòó, ẹ mọ̀ pé ìjọba ilẹ̀ yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré. Obìnrin tó ń fi ọjà bọ́ ọmọ, bí ó bá lo ọdún 10 lẹ́wọ̀n, ta ló máa ṣí ìsọ̀ rẹ̀? Ta ló máa san owó iléèwé? Olè tó ń bẹ̀rù kò tíì dé, ilé ti dà rú.

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á sọ lórí fóònù pé àwọn ní ìbọn, pé ó wà lábẹ́ aṣọ àwọn báyìí, ọlọ́pàá kò sì mú àwọn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ní ìpínlẹ̀ Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò dínà fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ sára láìgba láísẹ́ǹsì. Òfin tiwọn nìyẹn, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín fi ìbọn sínú àgbá ẹrù ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tó bá fi ìbọn ránṣẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ ti dáràn níbẹ̀, ẹni tó bá gbà á níbí náà ti dáràn. Ìyá á wọ gàù, ọmọ á wọ gàù.

Àní, àwọn tí òfin gbà fún gan-an, ẹ wo ohun tí ọlọ́gbọ́n inú wọn ń wò kó tó ra ìbọn àfipamọ́. Nǹkan márùn-ún ni.

Èkíní, ṣé á dún nígbàkígbà tí wọ́n bá fà á? Wọn kì í gba ọlọ́jà gbọ́. Wọ́n á gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, wọ́n á yin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta, kí wọ́n tó fọkàn tán an.

Èkejì, ṣé kò ní dún nígbà tí wọn kò fà á? Èyí ṣòro ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 2017, àwọn tó ń dán ìbọn wò rí i pé ìbọn P320 tí ilé-iṣẹ́ SIG Sauer ń ṣe lè ṣàdédé dún bó bá já lulẹ̀ lọ́nà kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn tó rà á dá a padà, kí àwọn bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn o, tó ní orúkọ, tó ní àdírẹ́sì.

Ẹ̀kẹta, akọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í sọ ìbọn sínú báàgì lásán. Àfi kí akọ̀ líle bo ibi tí ìka ń fà. Bí kọ́kọ́rọ́ tàbí bírò bá há sí ibẹ̀, ìbọn lè dún nínú báàgì.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ẹni tó ni ín ńkọ́? Bí ìbọn bá ṣe kéré tó, tó sì fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fò lọ́wọ́ tó nígbà tó bá dún. Èyí tó rọrùn láti fi pamọ́ ló ṣòro láti yìn kó ba ohun tí a ń wò. Ẹni tí kì í fi kọ́ra déédéé, ariwo lásán ló rà.

Ẹ̀karùn-ún, níbo ló ń gbé e sí tí ọwọ́ ọmọdé kò ní dé? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2014, ní ìlú Hayden ní ìpínlẹ̀ Idaho, ìyá kan lọ ra nǹkan ní ilé ìtajà ńlá kan. Ọmọ ọdún 29 ni. Báàgì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn, tó ní àpò onísíìpù, ló gbé dání. Ó gba ìwé àṣẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, ó tọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìbọn yọ, ó yìn ín mọ́ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá náà kú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọnmọ wá sí ìsọ̀, ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ yín ń wá ṣúìtì nínú tòbí yín, ṣé a tún gbọdọ̀ ṣàlàyé jù báyìí lọ?

Ẹ wá wo tiwa. Ìbọn wo ni wọ́n máa tà fún yín? Àgbélẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi páìpù omi àti sípíríǹgì ṣe. Ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Bí kì í bá sì í ṣe àgbélẹ̀rọ, ẹ kò mọ ẹni tó ti lò ó, ẹ kò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọlọ́jà ni wá. A kì í ra epo láìtọ́ ọ wò, a kì í ra ìrẹsì láìtọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Báwo la ṣe máa wá ra ohun tó lè pani lóru, láìsí rìsíìtì, láìdán an wò, lọ́wọ́ ẹni tí a kò ní rí mọ́ lọ́jọ́ kejì?

Ẹ tún wo èrò inú ọjà. Àyẹ̀wò kan tí àjọ RAND ṣe fún àwọn ọlọ́pàá New York ní 2008 fi hàn pé láàárín 1998 sí 2006, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá náà bá ń bá oníbọn yìnbọn fún ara wọn, ìdá 18 nínú 100 ọta wọn ló ń ba ẹni tí wọ́n ń wò. Èyí tó kù ńkọ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2012, ọlọ́pàá méjì ní ìlú yẹn yin ọta 16 sí apànìyàn kan níwájú Empire State Building. Èèyàn mẹ́sàn-án tó ń kọjá lọ ló fara gbọgbẹ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá. Àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wá ro obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín alábàárù, ọmọ oníbúrẹ́dì àti oníbàárà. Ta ni ọta yẹn máa bá? Adigunjalè kì í sábà dá wá, ó sì ti na ìbọn tirẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ó dé. Kí ẹ tó tú ìró, kí ẹ tó wá ọwọ́ bọ tòbí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbọn náà á wá di tirẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹ ti sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe, kí wá ni ká ṣe?" Ìbéèrè tó dáa ni. A kò lè sọ pé olè kò ní wá mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa olè ni owó, owó yẹn la sì lè dín kù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ tiransifá tipátipá. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ san owó ọjà láti báńkì sí báńkì kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ má ru owó lọ sọ́nà jíjìn. Àmọ́ ẹ má gba àlẹ́ẹ̀tì nìkan gbọ́ o, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ẹ tó gbé ọjà fún oníbàárà.

Ẹ má dá nìkan jáde. Kí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa tilẹ̀kùn pọ̀, kí wọ́n jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ẹ máa yí àkókò àti ọ̀nà padà. Ẹ má ka owó ní gbangba, ẹ má sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ ra ọjà fún gbogbo ayé. Ìrìn òru, ẹ jẹ́ ká yàgò fún un.

Owó tí ẹnì kan fẹ́ fi ra ìbọn, bí èèyàn mẹ́wàá bá dá ìdajì rẹ̀ jọ, ó lè ra iná oòrùn, géètì tó lágbára àti fèrè fún gbogbo ìlà. Ẹ gba mẹ́gáàdì tí a mọ ilé rẹ̀, tó ní onídùúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá ìbọn fún un, torí òfin 1986 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ́nà kò gbà kí ẹ̀ṣọ́ wọn gbé ìbọn. Ẹ kọ nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín àti 112 sára ògiri ìsọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Tí adigunjalè bá wá dé pẹ̀lú ìbọn, ẹ fún un lówó. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ má bá a jìjàkadì. Bí ẹ̀mí bá wà, owó á tún wá.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì ti ní irú ìbọn yìí, kó má sọ ọ́ sí gọ́tà, kó má gbé e fún ọmọ iṣẹ́ pamọ́. Kó tètè lọ bá lọ́yà, kí lọ́yà sọ bó ṣe máa gbé e lé ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ rántí àwọn ìyá wa tó ṣáájú wa. Alimotu Pelewura kò gbé ìbọn tó fi kó àwọn obìnrin ọjà Èkó jọ láyé òyìnbó. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn kò yìnbọn kan tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹsẹ̀ wọn tó pọ̀, ohùn wọn tó ṣọ̀kan, òun ni ohun ìjà wọn. A ṣì ní in.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ìlà yín. Ẹ má bèèrè ìbọn tó dára jù mọ́. Ẹ bèèrè ẹni tó máa bá yín rìn délé lálẹ́ òní. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà á tà o.