Orúkọ Òǹkọ̀wé Ló Wù Ú, Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Wù Ú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin ni ìgbìmọ̀ lónìí. Ẹni tí mo mú wá síwájú yín ni ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tó ní òun ń kọ ìtàn àròsọ. N kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ju ẹnìkan lọ: ó wà ní Kútọ̀, ó wà ní Ìbarà, ó wà ní Láfẹ́nwá. Ó ti kó ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wá bá mi, mo sì kà á tán. Ẹ̀sùn márùn-ún ni mo ní sí i. Ẹ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ̀sùn kìíní: kì í kàwé. Ìlú tó ń gbé ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Amos Tutuola sí ní 1920 àti Wọlé Ṣóyínká ní 1934. Isaac Delano, ọmọ Ẹ̀gbá, gbé Aiyé d'Aiyé Òyìnbó jáde ní 1955. Mo bi olùjẹ́jọ́ pé èwo ló ti kà nínú ìwé wọn. Ó ní òun mọ orúkọ wọn. Mo bi í nípa Fágúnwà, tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1938. Ó ní olùkọ́ kan kà díẹ̀ fún àwọn nígbà kan. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé ka ìwé òun, òun kò sì ka ti ẹnikẹ́ni. Ó jẹ̀bi.

Ẹ̀sùn kejì: kì í lajú wo ibi tó wà. Lójoojúmọ́ ló ń gba Ìtòkú kọjá, níbi tí àwọn ìyá ti ń tẹ́ àdìrẹ sílẹ̀ fún oníbàárà. Ó ń kọjá lórí afárá Láfẹ́nwá, odò Ògùn ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, New York ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yìnyín ń bọ́ ní ojú ìwé kìíní, bẹ́ẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ kò fojú kan yìnyín rí. Nígbà tó pàpà mú ìtàn wálé, "ọjà kan" ló kọ. Kò sọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, kò jẹ́ kí a gbóòórùn nǹkan kan, kò jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu Ẹ̀gbá kan ṣoṣo. Ọgbà ilé pásítọ̀ ní Aké àti àdúgbò tó yí i ká ni Ṣóyínká fi kọ Aké ní 1981, ayé sì kà á. Ojú tí Ṣóyínká fi wo Aké, olùjẹ́jọ́ náà ní i. Ó pa á dé. Ó jẹ̀bi.

Ẹ̀sùn kẹta: kì í tún iṣẹ́ ṣe. Ní ojú ìwé 9, ìyá olú ẹ̀dá ìtàn kú, wọ́n sin ín, wọ́n se ìrẹsì fún àlejò. Ní ojú ìwé 41, ìyá kan náà ń ta ẹ̀wà ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé pé òun ti sin ín. Ó kọ "oko" láìfi àmì kankan sí i: ṣé oko tí a ń dá ni, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀? Òǹkàwé ló fi í sílẹ̀ fún kí ó máa méfò. Àwọn ìyá aláró kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ wọn ló sọ ọ́: à-dì-rẹ. Wọ́n á dì í, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún rẹ ẹ́, títí aró yóò fi mu aṣọ dáadáa. Tutuola fi ọjọ́ méjì kọ The Palm-Wine Drinkard sílẹ̀, ó sì fi oṣù mẹ́ta tún un kọ. Olùjẹ́jọ́ rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e lọ sọ́jà pẹ̀lú omi lára. Ó jẹ̀bi.

Ẹ̀sùn kẹrin: ó kánjú tẹ̀wé. Ó yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó lọ bá onítẹ̀wé, kò fi ìwé han olóòtú kankan. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé nínú agbádá. Ó gba gbọ̀ngàn, ó pe alága, alága fi àpò ìwé tó ní owó nínú sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìṣí ojú ìwé kan. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, páálí ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì ń san gbèsè lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn fowó ara rẹ̀ tẹ̀wé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó fi ariwo bo ohun tí kò tíì jinná. Ayẹyẹ ló ṣe, kò ṣe ìwé. Ó jẹ̀bi.

Ẹ̀sùn karùn-ún, òun ló wúwo jù: lẹ́yìn náà, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí atẹ̀wétà, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ kíkọ sílẹ̀. Ó ní àwọn atẹ̀wétà kórìíra òun, pé wọn kò mọ ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí n fi í wé ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn. Ọdún mẹ́fà péré ni Tutuola lò nílé ìwé. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ, ilé-iṣẹ́ kan ní London tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò ló fi í ránṣẹ́ sí. Wọ́n fún un lówó táṣẹ́rẹ́, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ó kọ òmíràn, The Palm-Wine Drinkard. Ilé-iṣẹ́ ìwé Kristẹni tó fi ìyẹn ránṣẹ́ sí kì í tẹ irú rẹ̀. Wọ́n tari rẹ̀ sí Faber and Faber, ó sì jáde ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín. Nílé, àwọn ọ̀mọ̀wé bú u pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti àwọn. Ó gbọ́ èébú náà, ó sì kọ ìwé mìíràn jáde ní 1954. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò jáde títí di 1982, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì fara da gbogbo èyí. Olùjẹ́jọ́ ní kọ̀ǹpútà, ó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì lé e sá. Ó jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ to ẹ̀sùn wọ̀nyí jọ. Kò kàwé, nítorí náà kò mọ ohun tó dára. Kò wòye, nítorí náà kò ní ohun tí yóò sọ. Kò tún un ṣe, ó kánjú gbé e jáde, ó sì sá nígbà tí wọ́n sọ òtítọ́ fún un. Ìdí kan ṣoṣo ló bí márààrún: orúkọ òǹkọ̀wé ló wù ú, iṣẹ́ rẹ̀ kò wù ú.

Ìdájọ́ tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ó fa páálí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó gbọn ikán kúrò, kí ó mú ẹ̀dà kan àti bírò pupa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Tó bá dé ojú ìwé 41, kí ó jẹ́ kí òkú sinmi.