Ẹnu Ló Wọ́, Ọ̀rọ̀ Kò Wọ́

A kí ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá, a sì kí ẹ̀yin tí ẹ dà bí àwa, tí wọ́n bí sí Sábóńgàrì, tí ẹ ń gbọ́ Haúsá lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, a kò ní í fi sábẹ́ ahọ́n sọ, nítorí inú ẹgbẹ́ wa yìí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó bu omi sẹ́nu, omi ń dà jáde ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó wo dígí: ẹnu ti wọ́ sápá ọ̀tún, ojú òsì kò ṣeé pa dé, iwájú orí lápá òsì sì tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ Yorùbá ní ẹnìkan ló fọ́ ọ létí lójú oorun. Àwọn Haúsá tí wọ́n wà ní yàrá kejì ní iska ni; ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n ń lò fún atẹ́gùn àti fún àǹjọ̀nú. Àwa tí a kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ọbẹ̀, a wá fohùn ṣọ̀kan pé kì í ṣe ojú lásán! Wọ́n ti ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó pariwo lórí fóònù pé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Okùn iṣan kan wà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọpọlọ lọ jẹ́ fún ojú, ìkeje nínú àwọn tó ti ọpọlọ jáde. Ihò tóóró kan nínú egungun lẹ́bàá etí ló ń gbà kọjá. Bí ó bá wú níbẹ̀, egungun kò ní í yẹ̀ fún un. Á há, iṣẹ́ kò sì ní í dé ojú mọ́. Charles Bell, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland, kọ̀wé lórí okùn yìí ní 1821, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà ní Bell's palsy. Ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí jù pé ó ń mú un wú ni kòkòrò àìfojúrí, irú èyí tí ń sọ egbò sí ètè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu wíwọ́ ni Bell's. Bí ẹnu bá wọ́ tí ẹni náà ṣì lè ká iwájú orí jọ níhà méjèèjì, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọpárọsẹ̀, kò sì sí àkókò tí a lè fi ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe dókítà. Èyíówù kó jẹ́, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé oògùn prednisolone tí dókítà máa ń kọ fún Bell's, láàárín wákàtí 72 ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ìwádìí kan ní Scotland tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, lẹ́yìn oṣù 9, nǹkan bí 94 nínú 100 àwọn tó lo oògùn yìí ni ojú wọn padà bọ̀ sípò. Nínú àwọn tí kò lò ó, nǹkan bí 82 ni. Ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ ń sàn fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń gbowó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe.

Lẹ́yìn oògùn ló kan ìdárayá ojú, ibẹ̀ ni àwa ará yàrá rẹ̀ sì ti bá a lọ́wọ́ sí i. Ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé agbára ni wọ́n ń lò. Ẹnìkan ra ṣingọ́ọ̀mù páálí kan fún un pé kó máa jẹ ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹlòmíràn ní kó máa fẹ́ bàlúù. Oníṣẹ́ físíò rẹ́rìn-ín, ó ní kó gbé gbogbo rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ènìyàn bá ń fi ipá fà á, apá tó le ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, èyí tó rọ yóò máa wòran. Èyí tó tún burú ni pé okùn tó ń hù padà lè ṣìnà: ẹnu yóò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú yóò sì máa pa dé.

Jẹ́jẹ́ ni. Ó ń jókòó síwájú dígí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tíì gbọ́ràn rárá, ọwọ́ ló fi ń ra á, ó sì ń fi ìka gbé igun ẹnu sókè díẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ó ń gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ń yínmú, ó ń ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, ó ń rẹ́rìn-ín kékeré láìṣí eyín, ìka kan á sì di apá ọ̀tún mú kó má baà sáré ju èkejì lọ. Ẹkún omi ojú ìgò ni ó ń kán sójú òsì lọ́sàn-án, ó sì ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ dé lálẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ ìhín kò mọ aláìsàn. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rí tó wà fún ìdárayá kò lágbára tó ti oògùn, àwọn tí tiwọn pẹ́ ni ó jọ pé ó ń ràn lọ́wọ́ jù. Síbẹ̀, ó fún un ní ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbà á lákòókò jù. Gbogbo ohun tí ètè ń pè ló ń sá mọ́ ọn lẹ́nu: b, p, m, f, àti gb pàápàá. Òun tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé gb wa ní òórùn Haúsá, àwa la wá jókòó tì í tí à ń pe "gbogbo" àti "pẹ́pẹ́yẹ" fún un lálaalẹ́. Ẹ̀rín pa wá, ó pa òun náà. Ìgbà yẹn la rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì mira.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ẹgbẹ́ wa. Ọdún méjì ni ọ̀rẹ́ wa fi ṣe olóòtú ètò ní Ọjọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta àìsàn náà ni ìgbìmọ̀ mú orúkọ rẹ̀ kúrò láìpè é. Wọ́n ní àwọn àgbà ìlú ń bọ̀, wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa wò ó. A bi alága, ó ní àánú ló ṣe àwọn. A gbà pé irọ́ kọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n àánú tí kò bi ẹni tí à ń ṣàánú fún ní nǹkan kan, irú àánú wo nìyẹn? Àwa tí à ń pariwo pé kí ará ìlú má fojú àjèjì wò wá, a rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó rọ, a sọ ọmọ ẹgbẹ́ di àjèjì. Láti ìgbà náà kò tún wá sí ìpàdé.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Ojú òsì rẹ̀ ṣì ń kéré díẹ̀ bó bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gb rẹ̀ ti padà, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú tiwa. Ìgbìmọ̀ kò tíì yan olóòtú ètò tọdún yìí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọn yóò jókòó lé e. A ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe òun, òun yóò dáhùn. Ẹ pè é.