Ẹ̀KỌ́ TỌMỌDÉ-TÀGBÀ: Bí Kọ̀ǹpútà Bá Sọ Ohun Tó Ya Ni Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ màmá àti bàbá yín, kí ẹ jọ ka èyí.

Gbogbo wa la mọ afẹ́fẹ́ tó ń ti orí adágún Michigan fẹ́ wá sí Montrose. Àwọn onímọ̀ a máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí irú rẹ̀ ṣe ń fẹ́. Nígbà mìíràn, ìdáhùn á ṣàjèjì. Kí la ó ṣe?

Ẹ gbọ́ ti Lewis Fry Richardson, ará Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ May 20, 1910. Ìṣirò rẹ̀ ní agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ yóò fi 145 mílíbà lé sí i láàárín wákàtí 6. Lọ́jọ́ náà gan-an, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà! Richardson kò fi pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1922, ó ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí òun fi bẹ̀rẹ̀ ni òun fura sí. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Peter Lynch, ará Ireland, tún àwọn ìwọ̀n náà ṣe kí wọ́n bára mu, ìdáhùn sì bọ́gbọ́n mu.

Nítorí náà, ẹ má sáré yí ìdáhùn padà. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò, lọ́kọ̀ọ̀kan:

1. Ohun tí ẹ kọ sí i. Afẹ́fẹ́ tó ń sá máìlì 20 ní wákàtí kan ń sá bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá kọ 20 síbi tí mítà wà, ẹ ti sọ ọ́ di ìjì.

2. Ìṣísẹ̀ àkókò. Kọ̀ǹpútà ń pín ojú òfurufú sí àpótí-àpótí. Bí àpótí kan bá gùn ní mítà 90, afẹ́fẹ́ yìí á là á já ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ìṣísẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ, nínú ọ̀pọ̀ irú ìṣirò yìí, iye á máa wú títí á fi bẹ́. Courant, Friedrichs àti Lewy ti kọ ọ́ láti 1928.

3. Ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tó wọlé gbọ́dọ̀ ríbi jáde.

4. Ohun kékeré tí ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá ti afẹ́fẹ́, kó dúró jẹ́ẹ́.

Jule Charney, tó gbé ní Yunifásítì Chicago níhìn-ín ní 1946, wà lára àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ENIAC ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 1950, ó sì yọrí. Àṣìṣe tí Richardson kò bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ìṣirò tó ṣì wálé, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ bi í pé, "Kí lo fi bẹ̀rẹ̀?" Ó dìgbà kan ná o.