Etí Òbí Ni Ọmọ Ń Fẹ́
Ariwo lásán ni mo pè é nígbà tí ọmọ mi ń fi ìlù dánra wò nírọ̀lẹ́ ní Kanvili níhìn-ín. Mo lé e jáde. Kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Láàrin àwọn Dagomba, inú agbo ilé ni ọmọ onílù ti ń kọ́ lunga, ìlù tí ó jọ gángan wa. Akin Euba pàápàá, tí a bí ní Èkó ní 1935, ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ dùùrù. Ẹ̀yin òbí, owó olùkọ́ nìkan kò tó. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orin, ẹ fún ọmọ ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́. Ẹ má rán an níṣẹ́ lásìkò náà. Ẹ jókòó, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ó ń lù.