Ẹ Má Bẹ̀rù Àwọ̀, Amọ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lókè òkun: "Ṣé Yorùbá gidi lọ̀rọ̀ yìí, àbí àyálò ni?" Ẹnì kan á fẹ́ sọ "kọ̀ǹpútà", á gbé e mì, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ń ba èdè jẹ́. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò léwu la dúró ṣọ́, a wá fi ibi tó léwu sílẹ̀ gbayawu. Ìkòkò òdòdó kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Turin lè rí ìkòkò Ṣáínà ní Palazzo Reale, ààfin ọba àtijọ́. Ẹ̀yin ará Padua, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Venice, kò jìnnà. Tánńganran Ṣáínà wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ca' Pesaro.

Bẹ́ẹ̀ ni, tánńganran. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún àwo dídán tó máa ń fọ́ nìyẹn, àwọn Hausa náà sì ń sọ tangaran. Bí ọmọ yín bá ní porcellana ni wọ́n ń pè é níléèwé, ẹ sọ fún un pé orúkọ owó ẹyọ ni àwọn ará Ítálì fún un, nítorí bó ṣe ń dán. Nínú ìwé Marco Polo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún owó ẹyọ àti fún àwo Ṣáínà. Kò sí èdè tí kì í yá nǹkan, kò sì sí èyí tí kì í na ọ̀rọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà méjì, ó kéré tán, ni irú ìkòkò yìí ń wọ iná. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á po amọ̀ funfun tó ń jẹ́ kaolin mọ́ òkúta lílọ̀, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sì sun ún ní nǹkan bí 1,300 dígírì. Iná yẹn ló ń sọ ọ́ di ohun líle, funfun, tí omi kò lè wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi enamel ya òdòdó àti ẹyẹ sí i lára. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì pò mọ́ èròjà aláwọ̀, ni enamel. Wọ́n á tún sun ún, àmọ́ iná kejì yìí kò ju nǹkan bí 800 dígírì lọ. Enamel á yọ́, á lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ìkòkò fúnra rẹ̀ kò yí padà.

Níbo wá ni àwọ̀ ti wá? Ní àwọn ọdún 1720, àwọ̀ tuntun kan gbòde ní Ṣáínà: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òdòdó róòsì, tí wọ́n fi wúrà ṣe, wúrà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Láàfin ọba Kangxi, wọ́n ti ń kó àwọn àlejò láti Yúróòpù sẹ́nu iṣẹ́ enamel. Ọ̀kan nínú wọn ni Giuseppe Castiglione, ọmọ Milan, tí wọ́n bí ní 1688, tó dé Ṣáínà ní 1715, tó sì kú sí Beijing ní 1766. Àwọn ará Ṣáínà ò fi pa mọ́ rárá. Yangcai ni Tang Ying, alábòójútó iléeṣẹ́ ọba ní Jingdezhen, pè é, ìyẹn "àwọ̀ òkèèrè". Síbẹ̀, ta ló máa wo ìkòkò yẹn kó ní kì í ṣe ti Ṣáínà? Amọ̀ ibẹ̀ ni, iná ibẹ̀ ni, ọwọ́ ibẹ̀ ló mọ ọ́n.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1720, ìdílé Vezzi dá iléeṣẹ́ tánńganran sílẹ̀ ní Venice. Oníṣẹ́ ọnà kò wọ́n ní Venice, àmọ́ Jámánì ni amọ̀ wọn ti ń wá. Gbèsè dé, amọ̀ ò wá mọ́, nígbà tó fi di 1727 iléeṣẹ́ ti kógbá wọlé. Ní Vinovo lẹ́bàá Turin, dókítà kan tó ń jẹ́ Vittorio Amedeo Gioanetti gba iléeṣẹ́ tirẹ̀ ní 1780. Òkúta funfun láti Baldissero, níbẹ̀ ní Piedmont, ló mú lò. Kì í ṣe kaolin, magnesium ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ tánńganran tó dáa jáde.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àyálò ni enamel. Gbólóhùn ni amọ̀: bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀, ẹni tí a ń fi ṣáájú, bí a ṣe ń so ìṣe pọ̀ mọ́ ìṣe. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí irú méjì yìí:

"Mo ti dáńlóòdù fáìlì yẹn, àmọ́ ó kọ̀, kò ṣí."

"Àkójọ ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ gbígbà sílẹ̀ láti ọwọ́ mi."

Ìkejì kò ní àyálò kankan, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì yìn ín. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, aṣọ Yorùbá ló wọ̀. Kò sí ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Èkíní ní àyálò Gẹ̀ẹ́sì méjì, Yorùbá sì ni látòkè délẹ̀. Ẹ gbọ́ "ó kọ̀, kò ṣí" yẹn.

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn báyìí, Gẹ̀ẹ́sì á gba gbogbo ilé." Òótọ́ ni, ewu náà wà. "Mo ti try gbogbo nǹkan but it's not working" kì í ṣe àwọ̀ mọ́, amọ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní: bí a bá ní ọ̀rọ̀, ká lò ó. Ẹ sọ tánńganran, ẹ sọ ayélujára. Bí a ò bá ní, ká yá a láìtijú, bí a ṣe yá àlùbọ́sà lọ́wọ́ Hausa tó ti di tiwa pátápátá. Ṣùgbọ́n ká má yá gbólóhùn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù, kí ẹ fi gbólóhùn márùn-ún ṣàpèjúwe ìkòkò yìí fún wọn. Bí wọ́n bá béèrè pé kí ni enamel, ẹ má dààmú, ẹ ṣàlàyé. Àmọ́ bí wọ́n bá ní, "Ọmọ mi, kí lo tiẹ̀ ń sọ?", ẹ padà sídìí amọ̀.