Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Lójú Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Àkókó

Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà yóò rí ilé tuntun ní ọ̀tún àti ní òsì. Fóònù ńlá wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, àwòrán ilé tí a fi kọ̀ǹpútà yà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé ọ̀làjú ti wọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Àkókó. Àwa kò bá wọn jiyàn lórí fóònù. Iṣẹ́ tí fóònù náà ń ṣe ni a ń béèrè.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, l'Ékòó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Kì í ṣe àìní kọ̀ǹpútà ni ó wó o. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ náà dúró nítorí àbùkù tí a rí; síbẹ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba Ìlú Ọba ti fi dandan lé e pé, nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí ayàwòrán ilé, ẹnjiníà àti agbaṣẹ́ṣe máa pín àwòrán wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí àṣìṣe ọ̀kan lè hàn sí èkejì. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára wa mọ. Orí àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ọ̀pọ̀ ilé Ọ̀kà dúró lé. Ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo lè le níhìn-ín, kí ó sì rọ̀ lọ́hùn-ún. Kí á tó da kọnkéré, kí á ya fọ́tò ìpìlẹ̀ àti irin, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á, kí á fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà tí yóò dáhùn pé kí a dà á tàbí kí a dúró. Kí á sì bu díẹ̀ nínú kọnkéré náà pamọ́, kí á dán agbára rẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ojú iṣẹ́ tí kò bá ṣe èyí kò tí ì lo ẹ̀rọ ìgbàlódé, ì báà ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá.

A fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tí ó wà ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà fi kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹ̀kọ́ kan wó ní Jos, ènìyàn 22 sì kú. Nítorí náà, kí á fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní àwòrán kíláàsì tí a ń kọ́ fún un, kí ó lè ka iye irin tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, abẹ́ òrùlé náà ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wa yóò jókòó sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Bí a bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tiwa nítorí pé ó bá wa wá ìbò, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó wó ògiri tí fọ́tò ti fi hàn pé kò dára? Ẹ béèrè fọ́tò náà lọ́wọ́ káńsílọ̀ yín kí a tó san owó ìkẹyìn fún agbaṣẹ́ṣe.